Ohùn Ajánásì àti Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé 2025. Ẹ̀pẹ́

Màámi gbé páálí kan jáde lábẹ́ ibùsùn wọn lónìí, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Ìkòròdú. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́tàlélógún ló wà nínú rẹ̀, tàfúsíírì ààwẹ̀ láti 1983 títí dé 1992. Àlùfáà ló ń túmọ̀, Bàbá mi ló ń ṣe ajánásì: wọ́n á ké ẹsẹ Àlùkùránì sílẹ̀, Àlùfáà á wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Rédíò tó ń lu kásẹ́ẹ̀tì nílé wa ti bàjẹ́ láti bí ogún ọdún, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan nínú wọn mọ́.

Mo ní, "Màámi, kí lẹ fẹ́ kí n fi wọ́n ṣe?"

Ẹja ni wọ́n ń yọ egungun rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Lùkúmàn, mo ti ń gbàgbé ohùn bàbá ẹ. Ojú wọn ṣì wà níwájú mi. Bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń húkọ́, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Ohùn yẹn ni mo ń wá tí mi ò rí mọ́."

Wọ́n ní kí ààwẹ̀ tó tán, àwọn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí Bàbá kú. Èmi náà kò rántí ohùn wọn, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ sọ ìyẹn létí Màámi. Ààwẹ̀ ku ogúnjọ́. Mo ra ẹja yíyan ní Ọjà Olúwo kí n tó wọkọ̀, mẹ́ta ní ₦6,000. Àwọn èrò ọkọ̀ ní mo rà á re.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Èrèlé. Ìkòròdú

Mo yá rédíò kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnìkan níbi iṣẹ́, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, mo sì gba ojú kìíní kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ wọlé. Ariwo inú rẹ̀ dà bí àkàrà tí wọ́n ń dín. Àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ariwo náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn. Mo wa áàpù kan jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó máa ń yọ irú ariwo bẹ́ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ó ní òun yóò lo wákàtí mẹ́sàn-án fún ojú kan ṣoṣo.

Ní wákàtí keje, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, áàpù náà kò mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan kan rí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Mo bú u dáadáa, Waliyah ọmọ mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Jímọ́ọ̀, 14 Èrèlé

Dùnsìn ló ń ya àwòrán ìdérí kẹ́ẹ̀gì níléeṣẹ́ wa, èmi ni mo ń yẹ ìdérí náà wò bóyá ó dé dáadáa. Mo ro ẹjọ́ kásẹ́ẹ̀tì fún un níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Ó bi mí pé prósẹ́sọ̀ wo ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo sọ ọ́. Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

"Ẹ̀gbọ́n, ọpọlọ kọ̀ǹpútà yín ti dàgbà o. Ká sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré ló wà nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà báyìí, òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún ló wà nínú tiẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì yára ju tiyín lọ."

"Ṣé gbogbo kọ̀ǹpútà ni mo máa pààrọ̀ ni?"

"Rárá. Bọ́ọ̀dù tó gbé e dúró nínú kọ̀ǹpútà yín á gbà á. Ọpọlọ yẹn nìkan lẹ máa yọ, ẹ ó wá fi tuntun síbẹ̀."

₦380,000. Iye tó ní wọ́n ń tà á nìyẹn.

Owó tó wà nílẹ̀ nílé kò ju ₦400,000 lọ, owó àga pálọ̀ sì ni. Láti ọdún tó kọjá ni Wùnmí ìyàwó mi ti ń wo àga náà, ó fẹ́ kó wọlé kí ìtúnu ààwẹ̀ tó dé. Mo dárúkọ prósẹ́sọ̀ fún un wẹ́rẹ́, bí ẹni pé kì í ṣe nǹkan bàbàrà.

Ó ní, "Bàbá Waliyah, ṣé ìyẹn la máa fi àlejò jókòó lé lórí ni?"

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé

Mi ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Mo gbé ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà sórí fláàṣì lọ síbi iṣẹ́, nítorí irú prósẹ́sọ̀ tuntun yẹn gan-an ló wà nínú kọ̀ǹpútà Dùnsìn. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó tẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ tí tèmi fẹ́ fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́rìnléláàádọ́ta ló gbà á. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ilà aláwọ̀ ewé tó ń fi ibi tí iṣẹ́ dé hàn bó ṣe ń sáré lọ, ìrẹsì mi sì tutù nínú abọ́. Sùbùhánálláhì.

Nígbà tó parí, mo gbọ́ ìṣẹ́jú méjì níbẹ̀rẹ̀. Ohùn Àlùfáà jáde bí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ́dọ̀ wa. Mo gbọ́ ìgbà tí wọ́n ṣí ìwé. Ìwé tí wọ́n ṣí lọ́dún 1983!

Dùnsìn ní, "Ẹ má tíì rà á o, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gan-an ló bá yín ṣe."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọpọlọ tuntun náà ti gbà mí lọ́kàn.

Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé. Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ burúkú.

Màámi wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ Jímọ́ọ̀ wọn nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n di ojú. Mo tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Àlùfáà kí ìjọ, wọ́n ṣàdúà, ohùn wọn mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ajánásì, ẹ bá wa ké e."

Kò sẹ́nikẹ́ni. Ẹni tó ń ké e lókèèrè kò sí, ariwo kò sí, ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, Àlùfáà wá bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ẹsẹ tí ẹnikẹ́ni kò ké.

Màámi la ojú. "Ohùn Àlùfáà dùn-ún gbọ́. Ọkọ mi dà?"

Mo sáré tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni Àlùfáà pe ajánásì, kò sígbà kan tí ẹnikẹ́ni dáhùn. Ìgbà yẹn ló wá yé mi. Ibi tí mo fọwọ́ sí nínú áàpù náà ni pé kó mú ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ sókè jù, kó ka gbogbo ẹni yòókù sí ariwo. Iwájú Àlùfáà ni wọ́n máa ń gbé rédíò sí. Ẹ̀gbẹ́ kan ni ti ajánásì, nítòsí kọ́tìnnì àwọn obìnrin. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Àwa tí wọ́n bí sínú mọ́ṣáláṣí yẹn ni kò yẹ kó ṣe irú àṣìṣe yìí. Ẹni tí wọ́n ní kí n wá ni mo fọwọ́ ara mi nù dànù, tí mo sì ń yọ̀ pé iṣẹ́ yá.

Màámi ní, "Kò burú. Wàá ṣì rí i ṣe." Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Èrèlé. Ìkòròdú

Ọpẹ́lọpẹ́ pé ohùn tí mo kọ́kọ́ gbà wọlé ṣì wà bó ṣe wà, a kò pàdánù Bàbá. Mo ka ìlànà áàpù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ lónìí. Ọ̀nà mìíràn wà nínú rẹ̀ tí kì í da ẹnikẹ́ni nù: á ya olóhùn kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, tirẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà mi ní wákàtí méjìdínlógójì fún ojú kan. Ojú mẹ́rìndínláàádọ́ta la ní. Bí iná kò bá ṣẹ́jú rárá, ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́rin. Ààwẹ̀ á ti tán, a ó ti máa múra Iléyá.

Ọjọ́rú, 26 Èrèlé

Iná wákàtí méjì. Epo ₦940 lítà kan. Ooru.

Àbámẹ́ta, 1 Ẹrẹ́nà

Ààwẹ̀ kìíní. Mo tan jẹnẹrétọ̀ láti àná pé kí n fi tipátipá ṣe ojú kan. Ó ṣe wákàtí mọ́kànlélógún. Inú kọ̀ǹpútà wá gbóná tó fi paná fúnra rẹ̀, mo sì gbọ́ fáànù rẹ̀ tó ń dákẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Mi ò bínú mọ́. Ó kàn sú mi ni.

Lẹ́yìn ìṣínu, Wùnmí jókòó tì mí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú o. Tẹ́ ẹ bá ra ọpọlọ yìí, tẹ́ ẹ ṣe kásẹ́ẹ̀tì Màámi tán, kí lẹ ó máa fi ṣe lẹ́yìn ìyẹn?"

Mo ronú sí i. Ìdérí kẹ́ẹ̀gì ni mo ń yẹ̀ wò níbi iṣẹ́. Ní ilé, ayò ni mo ń ta lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ń kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ àdúgbò. Iṣẹ́ tí mo ní kò nílò òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin tó wà ńbẹ̀ gan-an ń sùn. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ó ní, "Ṣẹ́ ẹ rí i?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Ẹrẹ́nà

Mo tún gbé fláàṣì lọ bá Dùnsìn. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ gidi tí mo fẹ́ ṣe gan-an la gbé fún kọ̀ǹpútà rẹ̀, yíya olóhùn sọ́tọ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó ka àkókò rẹ̀. Ó ní bó ṣe ń lọ yìí, ojú kan á gbà tó wákàtí mẹ́rin.

Wákàtí mẹ́rin. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ní àdúgbò wa, tí wọ́n bá mú iná dé, ó sábà máa ń tó wákàtí márùn-ún kí wọ́n tó tún mú un lọ. Ohun tí mi ò rò rí nìyẹn. Eré sísá kọ́ ni mo fẹ́ rà. Iṣẹ́ tí kò bá tán kí iná tó lọ ni kò ní tán láéláé níbí, ọpọlọ tuntun yìí á sì parí tiẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà. Dùnsìn fọwọ́ lu tábìlì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti wá tó rà báyìí."

Mo délé, mo sọ fún Wùnmí. Ó ń gbọ́. Mo wá sọ èyí tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo ní, "Èmi náà ò rántí ohùn wọn. Ká ní wọ́n pè mí lẹ́yìn nísinsìnyí, mi ò ní mọ̀ pé Bàbá mi ni."

Ó dìde, ó mú owó àga wá. "Àga ò sá lọ síbì kankan. Ẹ lọ rà á."

Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ lẹ́nu láìṣe pé á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Ó wà lọ́wọ́ mi. Kò fẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Mo yí i padà: ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wúrà ló kún abẹ́ rẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ léra láìsí ọ̀kan tó wọ́. Dùnsìn ní suwíìṣì tó wà nínú rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù mẹ́jọ. Mo ní báwo? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń ka suwíìṣì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn babańlá wa tí wọ́n lé kúrò l'Ékòó sọ̀kalẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ lọ́dún 1851, tí kò sùn, tí kò jẹun, kò tíì ní kà á tán títí dòní. Gbogbo rẹ̀ ló wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi yìí. Ẹ̀rù bà mí láti mí sí i. Mo dá a padà sínú páálí, mo sì fọwọ́ mi méjèèjì gbé páálí náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà

Ó di dandan kí a kọ́kọ́ kọ́ bọ́ọ̀dù àtijọ́ náà bí yóò ṣe dá àlejò mọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ni. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà náà, bọ́ọ̀dù kú nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Dùnsìn wá fúnra rẹ̀, Ọlọ́run á san án fún un. A tọrọ ínfátà oníbátìrì lọ́wọ́ aládùúgbò, a so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Wùnmí pa fíríìjì, ó pa fáànù, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tẹ nǹkan kan nínú ilé. Àwa mẹ́ta wá dúró, à ń wo nọ́ńbà lójú kọ̀ǹpútà.

Nígbà tó dé ìdá méjìlélọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, iná àdúgbò lọ. Gbogbo ọ̀nà pariwo. Ínfátà dún ẹ̀ẹ̀kan, nọ́ńbà náà sì ń lọ síwájú. Wùnmí di ọwọ́ mi mú, kò fi í sílẹ̀ títí ó fi parí.

A yọ ti àtijọ́. A fi tuntun síbẹ̀. Ó bọ́ sínú ihò rẹ̀ láìjẹ́ pé a tì í. Mo tẹ suwíìṣì, kọ̀ǹpútà dìde, ó sì kà á: mẹ́rìndínlógún. Àlùhámúdù lílláì.

Ọjọ́ Ajé, 10 Ẹrẹ́nà

Ojú kan, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú àádọ́ta. Iná ṣì wà nígbà tó parí.

Ó ya ohùn sọ́tọ̀ fún mi. Mo ṣí ti kìíní, Àlùfáà ni. Mo ṣí ìkejì.

Mo gbọ́ Bàbá mi.

Ohùn wọn kò nípọn bí mo ṣe rò. Ó rọ̀, ó sì ga díẹ̀, wọ́n máa ń fà á ní ìparí ẹsẹ bí ẹni tí kò fẹ́ kó tán. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ń sunkún, ojú kò sì tì mí. Waliyah bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí ẹni tó ń ké kéwú yìí dún bí Dádì tí wọ́n bá ń kọrin ní balùwẹ̀.

₦380,000 tó bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n má baà jiyàn lọ́jọ́ mìíràn.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Ẹrẹ́nà

A ti ṣe ojú mọ́kàndínlógún. Ọ̀rọ̀ kan wá yọjú.

Áàpù náà máa ń fi ohùn kẹta sílẹ̀ nígbà mìíràn. Ikọ́ àti ariwo ọmọdé ni mo pè é, mo sì ti fẹ́ pa á rẹ́. Wùnmí ló fi íápíìsì sétí, ó ní, "Ẹ dúró ná. Obìnrin kan wà níbí."

Òótọ́ ni. Bàbá ń ké Sùrátù Máríyámà, wọ́n dé ibì kan, wọ́n dúró. Wọ́n ti gbàgbé. Ní ìsàlẹ̀, láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, obìnrin kan rọra fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí wọn, Bàbá sì gbà á, wọ́n ń lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lè má pé. Àlùfáà kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀, láti ogójì ọdún. Àfi ìgbà tí ẹ̀rọ yìí yọ ọ́ jáde lábẹ́ gbogbo ariwo yẹn.

A wá a nínú àwọn tó kù. Ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, obìnrin kan náà, ibi tí Bàbá bá ti dúró ló máa ń sọ̀rọ̀. Wùnmí ní, "Ẹni yìí mọ kéwú ju Bàbá lọ."

Ta ni? Mo mọ ìyàwó Àlùfáà, ohùn tirẹ̀ le. Màámi kò lọ ilé-kéwú kankan tí mo mọ̀. Ẹja ni wọ́n ń yan nígbà náà, ẹja ni wọ́n ń tà. Ọkàn mi kò balẹ̀. Obìnrin wo ló jókòó pẹ́kípẹ́kí sí ẹ̀yìn Bàbá lọ́dọọdún, tó mọ ibi tí wọ́n ti máa ń gbàgbé? Wùnmí ní kí n má gbé ti obìnrin náà dé Ẹ̀pẹ́. Ó ní ohùn ọkọ wọn ni Màámi bèèrè, òun ni kí n gbé lọ. Mo rò pé òótọ́ ló sọ.

Àbámẹ́ta, 22 Ẹrẹ́nà. Ẹ̀pẹ́

Mo ti múra àlàyé sílẹ̀ lójú ọ̀nà, nípa ọpọlọ, nípa òṣìṣẹ́ mẹ́rìndínlógún, nípa bílíọ̀nù mẹ́jọ. Màámi ní, "Lùkúmàn, tẹ̀ ẹ́."

Sùrátù Máríyámà ni mo tẹ̀, Bàbá nìkan. Mi ò fi Àlùfáà sí i, mi ò sì fi obìnrin yẹn sí i.

Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Màámi bọ́ sórí itan wọn. Wọn kò sunkún bí mo ṣe rò. Wọ́n di ojú, wọ́n ń mi orí, wọ́n ní, "Àwọn nìyẹn. Àwọn nìyẹn o." Ojú wọn dà bí ojú ọ̀dọ́mọbìnrin, mo sì ń wò wọ́n tìyanu-tìyanu. Mo fẹ́ kí ó máa lọ bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Nígbà náà ni mo rántí pé Bàbá ti fẹ́ dé ibi tí wọ́n ń gbàgbé. Ibẹ̀ á pa rọ́rọ́, nítorí mo ti yọ obìnrin náà kúrò. Mo ronú ọjọ́ tí Màámi bi mí pé ọkọ àwọn dà, mo sì na ọwọ́ sí fóònù kí n tètè tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Bàbá dúró.

Ọwọ́ mi kò tíì kan fóònù tí Màámi fi la ẹnu. Wọn kò la ojú. Wọ́n rọra fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ láti orí àga wọn, ní ìsàlẹ̀, ní ohùn kan tí ó ti darúgbó láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbà á sílẹ̀, ohùn tí mo ti ń gbọ́ nínú íápíìsì láti ọjọ́ mẹ́fà.

Bàbá sì gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n ń ké e lọ.